Bólùtì Méjì Iwájú

Ẹsẹ̀ ni Màrdíyyàh kọ́kọ́ rí lára Misbaudeen. Ìyókù ara rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó ń bá sípánà jà, ó sì ń kọ orin kan tí kò dùn rárá.

"Ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ ọkọ̀," Màrdíyyàh ké sí i, "ṣé ẹ̀yin ni jórinjórin tí wọ́n ní ó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Èmi nìyẹn, màdáámù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Bí mo bá fi èyí sílẹ̀ báyìí, orí mi ló máa já lé."

"Orí yín kọ́ ni mo wá rà. Irin tí wọ́n fi ń bo abẹ́ ọkọ̀ ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ jáde. Ọ́ìlì ti kun imú rẹ̀, eyín rẹ̀ sì funfun báláú. Nǹkan kan dùn mọ́ Màrdíyyàh nínú, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láti oṣù méje sẹ́yìn, ó sì bínú sí ara rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù méje sẹ́yìn, kí ẹ má baà rò pé onínúfùfù lásán ni ọmọbìnrin yìí. Màrdíyyàh ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nínú àwọn abúlé tó yí ìlú Bouaké ká. Òun àti Sọ̀fíyù, ọmọ àdúgbò Koko bíi tirẹ̀, ni wọ́n jọ ń ṣe é fún ọdún mẹ́rin. Màrdíyyàh ló mọ ọ̀nà, òun ló gbọ́ èdè Baoulé, òun ló mọ orúkọ ìyàwó àti ọmọ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n so yìgì wọn ni Sọ̀fíyù rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá pé òun ò ṣe mọ́. Ó ní obìnrin tó ń wa ọkọ̀ kiri igbó kò lè gbélé ọkọ. Kò ju oṣù kan lọ tó fi fẹ́ ẹlòmíràn, gbogbo àgbẹ̀ tí Màrdíyyàh fi hàn án ló sì kó lọ.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Sọ̀fíyù gbàgbé. Bó bá pàdé Màrdíyyàh lọ́nà, á kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Màrdíyyàh á dáhùn, á sì padà sílé lọ gba àdúrà tí kò ṣeé sọ létí ìmáàmù.

Misbaudeen kúnlẹ̀, ó yẹ abẹ́ ọkọ̀ igbó Màrdíyyàh wò, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní kátikáti. "Níbo lẹ fẹ́ máa gbé e lọ?"

"Òdìkejì odò olókùúta. Abúlé márùn-ún wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni kì í dé lásìkò òjò. Mo fẹ́ dé ibẹ̀ ṣáájú ẹnì kan."

"Ṣáájú ta ni?"

"Ìyẹn ò kan irin."

"Ó kàn án, màdáámù. Ẹni tó ń bínú sáré máa ń fi abẹ́ ọkọ̀ lu òkúta ju ẹni tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lọ. Ó yẹ kí n mọ bí irin náà ṣe máa nípọn tó."



Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi yan irin. Màrdíyyàh fẹ́ èyí tó nípọn jù lọ.

"Ìyẹn á tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀," Misbaudeen sọ fún un.

"Alumíníọ̀mù ńkọ́?"

"Ó fúyẹ́, ó sì dùn ún wò. Òkúta odò yẹn á họ ọ́ bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò. Irin mílímítà mẹ́rin ni tiyín, láti abẹ́ rédíétọ̀ títí dé abẹ́ jíà. Màá lu ihò síbi tí ẹ ó ti máa tú ọ́ìlì, kí ẹ má baà máa tú gbogbo irin sílẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, "ẹ" ti di "o", kò sì sẹ́ni tó bá ẹnì kejì wí. Màrdíyyàh á jókòó létí kòtò tí wọ́n fi ń tún abẹ́ ọkọ̀ ṣe, á máa bá a tan tọ́ọ̀ṣì. Ó rí i pé bí Misbaudeen bá ti di bólùtì kan le tán, á mú ọ̀dà funfun, á fa ìlà kan láti orí bólùtì náà dé ara irin.

"Kí lèyí fún?"

"Ẹ̀rí mi ni. Bí bólùtì bá yí, ìlà á já sí méjì. Bí ìlà bá ṣì tọ́, mo mọ̀ pé ó ṣì le bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mi ò tún ní í fọwọ́ kàn án."

"O wá gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀dà tó báyìí?"

"Ọwọ́ ara mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, ayọ̀ mi."

Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Màrdíyyàh ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì wúlò kó máa tan ara rẹ̀ jẹ.

Ìyá rẹ̀, Alhaja Mọ́nsúrátù, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ta ni bàbá rẹ̀? Ta ló mọ agbo ilé wọn? Ẹni tó dé láti Nàìjíríà lánàá òde yìí!" Ṣùgbọ́n Alhaji Jàfárù, bàbá Màrdíyyàh, tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ láago, wọ́n sì sọ fún un pé ilé olóòótọ́ ni. Ó ní kí àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin náà wá tọrọ ọmọ ní ọjọ́ Sátidé.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Sọ̀fíyù gbé kátikáti tirẹ̀ dé.

"Ọ̀gá, irú irin yẹn ni kí ẹ bá mi ṣe. Èmi náà ń lọ sí odò olókùúta." Ó wo Màrdíyyàh, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀nà tí àfẹ́sọ́nà mi àtijọ́ bá gbà, mo mọ̀ pé ọ̀nà tó dára ni."

Nígbà tó lọ tán, Màrdíyyàh yíjú sí Misbaudeen. "Má ṣe iṣẹ́ yẹn."

"Mo ti gbà á."

"Ó dáa, bà á jẹ́ fún mi. Fi bólùtì tí kò lágbára sí i. Bó o bá fẹ́ràn mi."

"Mo fẹ́ràn rẹ," Misbaudeen wí. "Béèrè nǹkan mìíràn."

Màrdíyyàh kò béèrè nǹkan mìíràn. Kò sì tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ Màrdíyyàh á mọ̀ pé ìgbà tó bá dákẹ́ ló yẹ ká bẹ̀rù rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Misbaudeen parí iṣẹ́ Sọ̀fíyù, ó fa ìlà funfun sórí bólùtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó wẹ̀, ó ń lọ kírun. "Bá mi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù," ó wí fún Màrdíyyàh. Bó ṣe ku òun àti ọkọ̀ Sọ̀fíyù nìyẹn.

Mi ò ní í parọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn. Ó mú sípánà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ó tú bólùtì méjì iwájú. Kò tú wọn yọ. Ìyípo kíkún ló ń yí wọn, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, kí ìlà funfun lè padà bá ara rẹ̀ ṣe déédéé. Nígbà tó ṣe tán, bólùtì méjèèjì ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà, ìlà ara wọn sì tọ́ bíi pé kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ bí irin náà ṣe máa já wálẹ̀, tí Sọ̀fíyù á dúró sínú omi tòun ti bàtà olówó iyebíye, tí àwọn àgbẹ̀ á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Orin Misbaudeen tí kò dùn yẹn ló ń kọ nígbà tó jáde.

Sọ̀fíyù dé lẹ́yìn ìrun. "Ṣé ó dúró dáadáa?"

Misbaudeen tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ọkọ̀, ó wo ìlà kọ̀ọ̀kan. "Gbogbo rẹ̀ tọ́. Bó bá já, sọ fún gbogbo Koko pé Misbaudeen ò mọṣẹ́. Mi ò ní í jiyàn."

Sọ̀fíyù gba ọ̀nà igbó lọ tààrà. Misbaudeen wá jókòó ti Màrdíyyàh.

"Ṣé o mọ̀ pé mi ò tíì fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ kankan tó èyí rí? Ọ̀la ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń lọ bá bàbá rẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé owú ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọkùnrin yẹn."

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Màrdíyyàh ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n ìgbà yìí ló tó wọ̀ ọ́ lára.  Orúkọ Misbaudeen ló tú, kì í ṣe bólùtì. Ó tún wá rántí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà ṣáájú odò náà, bí irin bá sì gúnlẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ á takìtì. Ẹ̀gàn ló fẹ́ fi kan Sọ̀fíyù, kò fẹ́ pa á. Ó fò dìde, ó kó sínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Màá padà dé," ó wí, ó sì tẹ iná.

Ó bá Sọ̀fíyù ní orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gan-an, níbi tó ti dúró ń kí àwọn àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń to àpò kajú. Màrdíyyàh fi ọkọ̀ dí i lọ́nà.

"Pa ẹ́ńjìnnì yẹn."

Sọ̀fíyù rẹ́rìn-ín. "Ṣé o wá bẹ̀ mí ni?"

"Bólùtì méjì iwájú ti tú. Èmi ni mo tú wọn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Sọ̀fíyù. Màrdíyyàh mú sípánà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pupa pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ lọ́rùn, ó fà wọ abẹ́ ọkọ̀. Bàtà Sọ̀fíyù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, Sọ̀fíyù ń tẹlẹ̀ kìkì, ó ń pè é ní àjẹ́, ní òṣìkà. Màrdíyyàh ń sunkún bó ṣe ń di bólùtì. Ẹ má pè é ní ìrònúpìwàdà o. Ìbínú ni, pé ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí kan náà ni òun tún wá dùbúlẹ̀ sí.

Sọ̀fíyù tẹ Misbaudeen láago, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Jórinjórin, irin rẹ ń já! Ta ló ṣe é?"

 Ẹnì kan ṣoṣo ni Misbaudeen fi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, kò sì gọ̀.

"Ọkọ̀ tó bá kúrò lọ́dọ̀ mi," ó wí, "èmi ni mo ni àléébù tó bá wà lára rẹ̀."

"Irọ́ ni!" Màrdíyyàh lọgun láti abẹ́ ọkọ̀. "Èmi ni! Ẹ gbọ́ o, èmi ni!" Ó tún un sọ ní Baoulé, nítorí àwọn àgbẹ̀.

Ní Sátidé, kò sí ẹ̀gbọ́n kankan tó wá. Sọ̀fíyù ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà káàkiri, láti Koko dé Kennedy dé N'Gattakro, ìdajì tó wù ú: irin Misbaudeen ń já. Ọkọ̀ tó máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dín kù, ó di ẹyọ kan lóòjọ́.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni Màrdíyyàh ti gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tó bá dúró, tàbí tó kàn ń kọjá, ló ń sọ fún: "Ẹ kú àárọ̀. Èmi ni mo tú bólùtì ọkọ̀ Sọ̀fíyù. Jórinjórin yìí ò mọ̀ sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ dára."

Ìyá rẹ̀ wá bá a níbẹ̀. "Ṣé o fẹ́ dójú tì wá tán ni? Ta ló máa fẹ́ ọ lẹ́yìn èyí?"

"Ẹni tí mo fẹ́ ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, Ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni Misbaudeen ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dun Màrdíyyàh jù. Ohun tó dùn ún jù ni pé Misbaudeen ti ń fi sípánà tún gbogbo bólùtì wò kí ọkọ̀ tó jáde, bí ìlà funfun tilẹ̀ tọ́.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà, àwọn mìíràn kàn wá wo obìnrin tó ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ní ogúnjọ́, Misbaudeen gbé àga tirẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti dárí ji Sọ̀fíyù?"

Ó rọrùn láti ní bẹ́ẹ̀ ni. "Rárá," Màrdíyyàh wí.

"Bó bá tún bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Màá kọ́kọ́ sọ fún ọ. Wàá ní kí n má ṣe é. Màá bínú sí ọ fún ọjọ́ méjì."

Misbaudeen fi ọwọ́ nu ojú. Ẹ̀rín ló ń pa mọ́. "Inú ń bí mi sí ọ gan-an, olólùfẹ́ mi," ó wí. "Kò tíì tán. Ṣùgbọ́n sọ fún Bàbá pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀."

Wọ́n so yìgì wọn ní oṣù tó tẹ̀ lé e, nílé Alhaji Jàfárù. Sọ̀fíyù wá, nítorí bàbá rẹ̀ àti Alhaji Jàfárù jọ ń kírun ní sàfù kan náà ní mọ́ṣáláṣí, kò sì sí bí kò ṣe ní í wá. Màrdíyyàh dìde láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bu ìrẹsì fúnra rẹ̀, ó fi ẹran àgbò tó tóbi jù lé e, ó gbé e síwájú Sọ̀fíyù.

"Jẹun, Sọ̀fíyù. Ọwọ́ mi ni mo fi bù ú."

Kò sẹ́ni tí kò rántí bólùtì méjì yẹn. Sọ̀fíyù wo ẹran, ó wo ojú ìyàwó, òógùn bò ó.

"Mo... mo ti yó," ó wí. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo agbo sì gbà á, àwọn àgbàlagbà pàápàá ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Oṣù mẹ́sàn-án ni Màrdíyyàh ti ń dúró de ẹ̀rín yẹn.

Nígbà náà ni Misbaudeen dìde láyè ọkọ ìyàwó. Ó wá jókòó ti Sọ̀fíyù, ó mú ẹran náà nínú àwo, ó gé e jẹ, ó rọra jẹ ẹ́ kúnná lójú gbogbo èèyàn, ó gbé e mì. Ó tún gé e jẹ.

"Ó dùn," ó wí fún ìyàwó rẹ̀. "Lọ bu tèmi wá."

Màrdíyyàh, tí kò sunkún látàárọ̀, lọ bù ú pẹ̀lú omijé lójú.