Lẹ́tà Gàdàgbà Lórí Bánà Bàbá

"Ẹ̀ì, chale! Lẹ́tà wo lèyí?" Afua fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn Mutmainah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, nídìí kọ̀ǹpútà.

Orí Mutmainah wú. Àsìkò ọlidé ni, àwọn méjèèjì ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Lapaz, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí irú lẹ́tà tuntun kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà náà ki, ó sì fẹ̀ gbàgàdà. Lẹ́tà O rẹ̀ rí róbótó, igun E rẹ̀ gún régé, bí ẹni pé ara ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá ni wọ́n ti yọ ọ́.

Bánà àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá ìyá rẹ̀, Bàbá Sàláwù, ló ń ṣe. Fàdílátù, ìyá rẹ̀, ti kìlọ̀ fún un: "Orúkọ àwa ọmọ márààrún gbọ́dọ̀ pé níbẹ̀ o. Má gbàgbé àbúrò mi, Sàká." Ọmọ ẹ̀yà Ga ni ìyá tó bí Sàká, kì í ṣe Yorùbá. Láti kékeré ni àwọn kan nínú ẹbí kò ti kà á mọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ òun ló wẹ bàbá, tó bọ́ ọ, ní gbogbo ìgbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀.

Orúkọ mẹ́rin péré ni àyè gbà.

"Lo lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀," Afua gbà á nímọ̀ràn.

"Kí ẹwà rẹ̀ wá bàjẹ́? Ta ló ń ka ìsàlẹ̀ bánà?"

Ó yọ orúkọ tó kẹ́yìn. Sàká ló kẹ́yìn, torí òun ni àbígbẹ̀yìn. Ẹ wo ohun tí àṣehàn lè sún ọmọ ènìyàn ṣe!

Lọ́jọ́ àdúrà, ní ilé Bàbá Sàláwù ní Dansoman, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò lẹ́bàá bánà náà. Sàká dé pẹ̀lú báàgì omi lórí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi ìka tọ àwọn orúkọ náà dé ìsàlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí," ó sọ fún Fàdílátù. "Èmi kò fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá mi rí. Ẹ̀yin lẹ wá kọ ọ́ gàdàgbà báyìí pé n kì í ṣe ọmọ ibẹ̀."

Mutmainah sáré kúnlẹ̀ níwájú àbúrò ìyá rẹ̀. "Wofa, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni! Lẹ́tà ló fẹ̀ jù, àyè ló tán!"

Sàká rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò. "Dìde, ọmọ mi. Ọmọdé kì í dá irú èyí ṣe. Àgbà ló rán ọ, o sì jíṣẹ́."

Fàdílátù dì í mú, ó ń búra pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Sàká rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì jáde.

Wọ́n tẹ bánà mìíràn, pẹ̀lú lẹ́tà lásán, orúkọ márààrún sì pé. Mutmainah gbé e lọ sílé Sàká, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ṣílẹ̀kùn fún un. Títí di òní, Sàká kò tíì tún ẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá rẹ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èyí tí a kọ náà ọ̀rọ̀ ni, èyí tí a yọ kúrò náà sì ń sọ̀rọ̀. Ẹwà iṣẹ́ tó ti ènìyàn síta kì í ṣe ẹwà. Mutmainah ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n mímọ̀ rẹ̀ kò dá Wofa rẹ̀ padà.