A Kì Í Pín Aṣọ Alààyè

Nígbà tí sísọ́ọ̀sì kọ́kọ́ jẹ aṣọ náà, Ìbílọlá dúró díẹ̀, ó ń retí kí àyà òun já. Àyà rẹ̀ kò já. Ó bá ń gé e lọ.

Coverall bàbá rẹ̀ ni, aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n rán orúkọ "Adéfúnmi" mọ́ láyà. Ara ìṣó ló wà nínú basement, yàrá abẹ́ ilé wọn, ní àdúgbò Copperfield láti oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, tí iléeṣẹ́ epo ti ní kí bàbá máa lọ sílé. Kì í ṣe òun nìkan. Ọdún 2016 nìyẹn, owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, àfi bíi pé àwọn ẹnjiníà tó jókòó sílé ní ìlú Calgary ní Kánádà pọ̀ ju àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ lọ. Àwọn tó ń pe bàbá ní "ọ̀gá mi" tẹ́lẹ̀ kì í gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Òṣì ní í jẹ́ ta ni mọ̀ ọ́ rí.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ o, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ọkùnrin yìí ń sọ aṣọ náà kalẹ̀, á lọ̀ ọ́, á tún gbé e kọ́. Ìbílọlá ń rí i. Lójú tirẹ̀, bí ẹni ń tún ibojì ṣe ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kò bínú, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ọkàn rẹ̀ kàn dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí oníṣègùn eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Seton, ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán mọ́ iṣẹ́ òru kí ilé má bàa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé Ìbílọlá ni Yorimaru, ọ̀dọ́ sámúráì, ìyẹn jagunjagun, inú anime kan, eré àwòrán ilẹ̀ Japan tó ń wò. Wọ́n pa bàbá Yorimaru, ó gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀, ẹ̀mí òkú sì ń gbé inú aṣọ náà. Láti ọjọ́ yẹn, idà kì í dun ọmọ náà mọ́, ẹkún kì í sì í wá sójú rẹ̀.

Ràṣídátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń gbé ní Whitehorn, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwé. "Ọ̀la ni expo àwọn olólùfẹ́ anime. Gbogbo wa la máa wọ aṣọ anime lọ. Ta ló máa ṣe Yorimaru tí kì í bá ṣe ìwọ?"

"Mi ò ní aṣọ."

"Coverall daddy ẹ ńkọ́? He's not using it."

Ìbílọlá rò ó. Òótọ́ ni. Nígbà tó délé lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, bàbá wà lókè, ó ń kọ ìwé ìwáṣẹ́. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá péré ló wà láàárín wọn. Kò gòkè lọ béèrè; sísọ́ọ̀sì ló lọ mú.

Ní expo, àwọn èèyàn to ìlà láti bá a ya fọ́tò. "You look so real," ni wọ́n ń wí. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ṣáá ni, kò sí ohun tó ṣe é. Ó wọ train padà sílé, ó fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì òtútù rẹ̀ pa lórí aṣọ náà.

Ó bá bàbá lórí ìkúnlẹ̀ nínú basement, ó ń tú páálí. Bàbá gbójú sókè, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tí Ìbílọlá kò rí láti oṣù mẹ́rìnlá.

"Ìbílọlá, wọ́n ti pè mí. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, lápá àríwá. Ọ̀la ni bọ́ọ̀sì máa gbéra. Kálukú ni kó mú coverall tirẹ̀ dání. Bá mi wá a, jọ̀ọ́."

Ìbílọlá fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì wálẹ̀. Bàbá wo aṣọ náà: Ìbílọlá ti gé apá rẹ̀, ó ti ya ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀.

"Nílé wa, ìgbà wo ni wọ́n máa ń pín aṣọ bàbá?"

Ìbílọlá rántí ìsìnkú bàbá àgbà nílé, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan wá gba aṣọ. "Lẹ́yìn ìsìnkú, sà."

"Ìgbà wo lẹ wá sin mí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Ó kúnlẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Daddy. Mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti parí ni."

"Èmi ò tíì parí," ni bàbá wí.

Ọ̀rẹ́ bàbá, Bámidélé, tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun náà, ló gbé coverall tirẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó tóbi, "Bámidélé" ló sì wà láyà rẹ̀. "Kí n ṣáà ti rí nǹkan wọ̀," ni bàbá wí, ojú sì ń ti í. Ọ̀gá ẹnjiníà ni, orúkọ ẹlòmíràn ló fẹ́ gbé lọ síbi iṣẹ́.

Ìbílọlá tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà méjèèjì. Ó tú orúkọ bàbá rẹ̀ kúrò lára aṣọ tó bàjẹ́, ó sì ń rán an bo orúkọ Bámidélé. Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn ún gan-an.

Ní àárọ̀, bàbá fọwọ́ kan àyà aṣọ náà. "Ó wọ́ díẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ máa re, ẹ máa bọ̀."

Yorimaru gbé aṣọ bàbá rẹ̀ wọ̀ nítorí kò ní bàbá tó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìbílọlá ní tirẹ̀ lókè àtẹ̀gùn mẹ́tàlá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò kú. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Ẹ gòkè lọ bá a, kí ẹ béèrè, kí ẹ tó gbé sísọ́ọ̀sì.