Ẹnjìnnì Tó Mu Omi

Èmi ni mo bí mẹkáníìkì yìí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní mo ń bà á lórúkọ jẹ́. Òpùrọ́ paraku ni nígbà yẹn. Inú ṣì ń bí mi!

Páìpù afẹ́fẹ́ ló fi lókìkí. Á tú àpótí tí ọkọ̀ fi ń mí lókè dànù, á ki páìpù gígùn sísàlẹ̀, lẹ́yìn bọ́ńpà, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù. Ẹnjìnnì á máa bú ramúramù, inú oníbàárà á dùn.

"Ọ̀gá, tí mo bá wọ omi ńkọ́?"

"Kò sóhun tó máa ṣe é!"

Ó mọ̀ pé òjò lásán kò lè ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n bí ẹnu páìpù bá rì sínú àgbàrá, ẹnjìnnì á fa omi mu, irin inú rẹ̀ á tẹ̀. Ó mọ̀! Nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tísà àdúgbò wa, ọmọ mi wò ó lójú, ó ní, "Ẹ ò mọ ọkọ̀ wà ni." Mo bá a wí títí ohùn mi fi há.

"Màámi, ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọkọ̀ tirẹ̀, tó ní páìpù yẹn, ló fi ń gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Omi ti bo títì.

"Yà padà!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi."

Gbàù! Ọkọ̀ kú. Omi wọlé bá wa, ìdí mi tó gba ìjókòó méjì tutù rinrin. Ìyàwó ń ké. Ọmọ mi ń yí kọ́kọ́rọ́ ṣáá.

Tísà ló rí wa láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ó wọ́dò wá.

"Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀ jàre! Ẹ gbé ẹsẹ̀ ìyàwó yín, kí n gbé orí."

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn.

"Tísà, ẹ bú mi," ni ọmọ mi wí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí.

"Mo ti bú yín tán níwájú Jésù. Ó ní kí n dárí jì yín, bí òun ṣe dárí jì mí. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e lọ bá a."

A kò tíì gbọ́ igbe ọmọ. Ọmọ mi dojú bolẹ̀: "Jésù, mo mọ òtítọ́, mo sì purọ́. Gbà mí!" Èmi náà kúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì méjì ló fà mí dìde.

Ọmọbìnrin ni. Ìyá àti ọmọ yè. Kí bàbá tó gbé e, ó kọ́kọ́ pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí fóònù: "Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ má wọ omi o. Ẹ gbé ọkọ̀ wá kí n tún un ṣe." Àwọn kan bú u bí ẹni láyin. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹjọ́ mi ni."

Ìwọ tó ń kà á, kí lò ń fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín sí? Ta ni ìwọ náà tàn, tó o tún wá di ẹ̀bi rù ú? Jésù kò ní kó o kọ́kọ́ gbẹ kó o tó wá. Kúnlẹ̀ lónìí. Bí orúnkún bá ń dùn ọ́ bíi tèmi, jókòó, ṣùgbọ́n pè é. Má sọ pé ó dọ̀la. Ọ̀la kì í ṣe tìẹ!