Salamot Kò Sọ̀kalẹ̀ Lórí Àjà

Orí àjà ni Ìbítóyè ti kọ́kọ́ rí Salamot. Amọ̀ kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó ń rẹ́ ògiri, ó sì ń kọrin. Ìbítóyè, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìlọ́fà, gbàgbé òòlù tó gbé dání.

"Ṣé ojú mi lo fẹ́ kàn níṣòó ni?"

"Bó bá lè dúró sójú kan, màá kàn án mọ́ àyà mi."

Ẹ̀rín pa ọmọge.

Bàbá bàbá Salamot ló kọ́ ilé alájà náà sí ìlú Òsì, kó lè máa kó òwú sí i. Òpó ìrókò ló gbé e dúró, amọ̀ tó nípọn ni wọ́n fi tẹ́ àjà. Nígbà tí òyìnbó dé, ó sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di kóòtù. Kóòtù ti kó lọ wàyí. Jímọ́ọ̀, bàbá Salamot, ló gba Ìbítóyè kó wá bá a tún un ṣe fún Hassan, oníṣòwò awọ ní Ìlọrin. Hassan fẹ́ ilé, ó sì fẹ́ Salamot.

Àmọ́ kí iṣẹ́ tó parí, ọkàn Salamot ti lọ sọ́dọ̀ Ìbítóyè. Àwọn ẹbí Ìbítóyè wá tọrọ rẹ̀, Jímọ́ọ̀ lé wọn.

"Èmi kọ́ ni n ó fọmọ fún agbẹ́gi, oníṣọ́ọ̀ṣì pàápàá!"

Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn Hassan wá mú ìyàwó, Salamot gun orí àjà tòun ti amọ̀ lọ́wọ́, ó sì fa àkàbà sókè.

"Sọ̀kalẹ̀!"

"Bàbá, ẹ má bínú. N ò sọ̀kalẹ̀."

Jímọ́ọ̀ kọjú sí Ìbítóyè. "Wá àkàbà mìíràn, kí o lọ mú un wá fún wọn."

Ìbítóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán mi ni mo jẹ́. Eléyìí, n ò jẹ́ ẹ."

Àbẹ̀bí, ìyá Jímọ́ọ̀, tẹ̀pá jáde.

"Jímọ́ọ̀, orí àjà yẹn ni mo bí ọ sí nígbà ogun Tápà. Ibi tó o dúró sí yìí làwọn ológun dúró sí, tí wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀. Ǹjẹ́ mo sọ̀kalẹ̀?"

Jímọ́ọ̀ yíjú, ó sọ fún àwọn àlejò pé, "Ẹ bá mi kí Hassan. Ọmọ mi kọ̀ ọ́."

Salamot sọ àkàbà kalẹ̀. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ tí Ìbítóyè ti gùn ún dókè.

"Dúró ná," ó ní. "N ò ní ní kó o fi ẹ̀sìn rẹ sílẹ̀, n ò sì ní fi tèmi sílẹ̀. Ṣé wàá fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

Salamot na ọwọ́ alámọ̀ rẹ̀ sí i níṣojú bàbá rẹ̀ àti gbogbo àdúgbò.

"Màá fẹ́ ọ bẹ́ẹ̀."