Ẹsẹ̀ Òsì Fai

Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú gbogbo yín pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló dá lé, ìtàn ẹlẹ́sẹ̀ kan kì í sì í rìn jìnnà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ilé ẹ̀kọ́ ijó orí òpó tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù núdùlù kan ní ìlú Nonthaburi ní Thailand, Oi tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà pariwo.

"Fai! Na ìka ẹsẹ̀ rẹ!"

"Mo ti nà án, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi lo ń parọ́ fún? Wo jígí."

Fai wo jígí láti orí òpó irin tó rọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà gbọọrọ bí ọfà, bí ti gbogbo oníjó orí òpó. Ti òsì ká àwọn ìka rẹ̀ sókè, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ síta bí ẹsẹ̀ àwọn oníjó ààfin ayé àtijọ́. Fai pàṣẹ fún un kó nà. Ẹsẹ̀ náà rò ó wò díẹ̀. Ó kọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Nígbà òjò, Fai fẹ́ ya ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ lórí òpó, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, láìkọ́kọ́ mú ara gbóná. Iṣan ẹ̀yìn itan òsì rẹ̀ já nítòsí egungun ìdí. Ó gbọ́ ìró rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ya. Dókítà tó ń tọ́jú iṣan sọ fún un pé, "Agbára ló máa kọ́kọ́ padà, kí rírọ̀ tó tẹ̀ lé e. Má fà á. Dúró dè é." Ojoojúmọ́ ni Fai ń dùbúlẹ̀, tí yóò fi bẹ́líìtì kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tí yóò gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, tí yóò máa mí. Ẹsẹ̀ náà le bí igi ìgbálẹ̀, orúkọ tó sì fi ń pè é nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ìdíje ńlá Bangkok tó ti ń múra sílẹ̀ fún ń bọ̀, àwọn adájọ́ ibẹ̀ kì í sì í gbọ́ ẹjọ́ iṣan.

Ìyẹn ló gbé e dé ẹ̀yìn tẹ́ḿpìlì kan létí odò, níbi tí ìtì igi takhian kan dùbúlẹ̀ sí lábẹ́ òrùlé páànù. Àwọn tó ń kó ẹrẹ̀ odò ló fà á jáde. Iwin obìnrin kan máa ń gbé inú igi bẹ́ẹ̀, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ láṣọ sílíkì, tí wọ́n ń gbé ẹlẹ́rìndòdò pupa síwájú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi pọ́dà pa á lára kó lè fi nọ́ńbà tẹ́tẹ́ hàn wọ́n. Fai kò béèrè nọ́ńbà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní ẹsẹ̀ tó rọ̀. Ohunkóhun tó bá wù yín, ẹ mú un."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ òsì gbéra lórí ibùsùn, ó lọ fara kan irọ̀rí lẹ́yìn orí rẹ̀. Kò dùn ún rárá. Dókítà ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ó sì fi ìrẹ̀lẹ̀ gba ọpẹ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tí Fai kò kà sí. Ẹsẹ̀ náà máa ń tutù. Ó máa ń rùn díẹ̀, bíi pákó tó pẹ́ nínú ẹrẹ̀. Bí orin bá ń lọ níbi tó ti ń jẹun, ẹsẹ̀ náà á máa lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin yẹn ló ń bá lọ.

Lẹ́yìn ariwo Oi, Fai lọ sọ́dọ̀ Prung, ìyá ìyá rẹ̀, tó jó ijó ààfin nígbà èwe. Ìyá àgbà ń bó máńgòrò. Fai na ẹsẹ̀ sí i.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ báyìí?"

"Ẹnìkan ò kọ́ mi, ìyá àgbà."

"Wọn ò gbé e báyìí mọ́ kí wọ́n tó bí mi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta lo lọ bẹ̀?"

"Ìyá inú igi létí odò."

"Kí lo ní wàá fún un? Aṣọ? Orí ẹlẹ́dẹ̀?"

"Mo ní ohunkóhun tó bá wù ú."

Ọ̀bẹ dúró lórí máńgòrò. "Ọmọ yìí, orí ẹ pé ṣá? Ta ló ń jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀? Bó bá jẹ́ ẹyin lo fẹ́ fún un, wàá sọ iye rẹ̀, wàá sọ bóyá sísè ni! O wáá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún ẹni tó ti ń sùn nínú ẹrẹ̀ látayé bàbáńlá wa. Kí lo rò pé ó máa wù ú? Ẹyin?"

Àwọn méjèèjì jọ ń wo ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ náà rọra yí ọrùn rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n dárúkọ.

Nígbà tí Fai padà dé ìdí igi, Klai, bàbá arúgbó tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, dá a dúró.

"Ọmọ mi, má fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ yẹn o. Ó ń dùn ún."

Ó ṣí aṣọ sílíkì. Nítòsí ìdí ìtì igi náà, lápá òsì, igi ti ya. Wọ́n fi ọ̀já wé e.

"Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni," Klai sọ jẹ́jẹ́. "Agẹgi ni mí tẹ́lẹ̀, takhian kì í ya bí aṣọ báyìí. Bí mo bá ń gbálẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ. Á fẹ́ dìde. Á tún rọra jókòó."

Fai gbọ́wọ́ lé ojú ibẹ̀. Gbogbo igi náà tutù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹran ara. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń mọ ikọ́ ìyá rẹ̀ láàárín èrò. Ẹsẹ̀ tòun ni.

Ó jókòó pẹ́. Ìdíje ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò sí òfin ìdíje kankan tó ní kí ènìyàn mú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ó ro ti bí òun ṣe ń bú ẹsẹ̀ yẹn ní igi ìgbálẹ̀, tí ẹlòmíràn sì gbà á bó ṣe ya, tó ń fi í gbìyànjú láti dìde.

"Ìyá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ gba tiyín, kí ẹ dá tèmi padà. Bó bá san, màá wá jó fún yín. Orin kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ìrora náà dé bí ẹni tó ń wọ ilé ara rẹ̀, kò kanlẹ̀kùn. Klai ló gbé e dìde. Lára igi, ojú ibi tó ya ti pa dé.

Fai kò lọ sí ìdíje. Ó padà sórí ẹní, òun àti bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ń mí, ó ń dúró, kò fà á mọ́, kò sì bú u mọ́. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ méjèèjì yà kalẹ̀ gbọọrọ, pẹ̀lú ìrora díẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Ó gbé òpó kan tó ṣeé gbé kiri lọ sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì, ó sì jó orin kan.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Klai mú ìgbálẹ̀, ó fẹ́ gbá pọ́dà tó dà sílẹ̀ níwájú igi. Kò gbá a. Ẹnì kan ti bá Fai jó níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ọ̀tún hàn ketekete nínú pọ́dà náà. Ti òsì kò tẹlẹ̀ tán, etí rẹ̀ nìkan ló fi kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ kò tíì parí.

Fai rántí gbogbo bó ṣe na ẹsẹ̀ náà lórí òpó nígbà tí kò dùn ún, láìrò pé ẹni tó ni ín ló máa ru ìrora rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ síta. Àwọn tí orúnkún ń dùn pọ̀ nílùú, ẹsẹ̀ méjì péré sì ni obìnrin náà ní.