Dókítà Tí Aṣàyàn Kò Yàn

Ìgbà kẹta rèé tí ẹ̀rọ Aṣàyàn yóò yan dókítà fún Oyèládùn, ìgbà kẹta rèé náà tí kò yan ẹni tó yẹ. Èyí àkọ́kọ́, dókítà orúnkún ni. Ó yẹ orúnkún rẹ̀ méjèèjì wò, ó yìn wọ́n, ó ní kò sóhun tó ṣe wọ́n. Oyèládùn ní, “Ọwọ́ ni mo bá wá, sà.” Dókítà ní kí ó padà lọ bá Aṣàyàn. Èkejì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, ó ní àárẹ̀ ọkàn ni, kí ó lọ máa sùn dáadáa. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní kí Oyèládùn lọ sinmi, ńṣe ló ń dìde kúrò níbẹ̀.

Ní ìlú Àgbékọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá gbé kọ́ sí agbedeméjì ayé àti òṣùpá. Ìlú náà ń yí bí òkòtó tọ̀sán-tòru. Yíyí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ènìyàn máa léfòó kiri bí ìyẹ́. Irin ni ilẹ̀ rẹ̀, irin ni àjà rẹ̀, lẹ́yìn àjà náà kò sì sí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dá lè mí. Bí àjà bá là, bó ti wù kó kéré mọ, èémí gbogbo ìlú ló ń jò lọ. Iṣẹ́ Oyèládùn ni láti gun àkàbà lọ jó irin mọ́ ojú ibi tó bá là. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń gbé ọwọ́ sókè, tó ń tẹ ọrùn sẹ́yìn, tó ń jó irin.

Ibẹ̀ ni àìsàn náà ti bá a. Bí ó bá ti gbé apá ọ̀tún sókè, ọmọdinrin àti ìka tó tẹ̀lé e á kú, ọwọ́ á tutù, àtẹ́lẹwọ́ á funfun bí ẹfun. Lọ́jọ́ kan, iná ajórin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àkàbà, díẹ̀ ló kù kó jó ẹni tó di àkàbà mú nísàlẹ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní kí ó má gun òkè mọ́ títí ọwọ́ náà yóò fi yá.

Kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè rí oníṣẹ́ abẹ ní Àgbékọ́ láìgba ọ̀dọ̀ Aṣàyàn kọjá. Ẹ̀rọ arònú ni. Ó ń ka gbogbo iṣẹ́ abẹ tí dókítà kọ̀ọ̀kan ti ṣe, ó ń kọ èyí tó yọrí sí rere àti èyí tó mú ìjàm̀bá wá, ó ń fún wọn ní máàkì. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga ló ń yàn fún aláìsàn. Tí wọ́n bá ròyìn rẹ̀, ó dùn létí.

Ẹni kẹta tó yàn fún Oyèládùn ni Dókítà Ṣówándé, ọ̀dọ́kùnrin tó ní máàkì mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré tán, èyí mọ ohun tó ń ṣe é.

Ó ní, “Eegun ìhà tó wà lókè pátápátá àti eegun èjìká yín ló há iṣan ọwọ́ mọ́ àárín, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá há okùn. Eegun ìhà yẹn la máa yọ kúrò.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti yọ irú rẹ̀ rí?”

“Aṣàyàn ló yàn mí, mà. Máàkì mi…”

“Mo ti rí máàkì yín. Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

“Lára ta ni?”

Dókítà náà wolẹ̀. “Lára ère tí a fi ń kẹ́kọ̀ọ́.”

“Ṣé ère náà yè?” ni Oyèládùn bi í. Kò rẹ́rìn-ín.

Dókítà Ṣówándé dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó. “Bó bá jẹ́ ìyá tó bí mi ni, ọ̀dọ̀ Dókítà Mọpélọ́lá ni màá gbé wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́.”

Oyèládùn wá orúkọ náà lórí dígí ọwọ́ rẹ̀ títí ọrùn fi ń ro ó. Nínú oníṣẹ́ abẹ igba ó lé mẹ́tàlá tó wà nínú ìwé Aṣàyàn, Dókítà Mọpélọ́lá ló ṣe ipò igba ó lé méjìlá. Ẹni kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn, wọn kò tíì yọ orúkọ rẹ̀ ni.

Ó gba ilé Bàbá Ògúnrìndé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó so irin ìpìlẹ̀ ìlú náà pọ̀ ni bàbá yìí, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó wọ bàtà. Àwọn méjèèjì kọjú sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínlàwọ́n, ẹni tó ṣe Aṣàyàn.

Bàbá kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ló gbé ẹni tó mọ iṣẹ́ sísàlẹ̀?”

“Ẹ jókòó ná, Bàbá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í wà nísàlẹ̀. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá dùbúlẹ̀ fún Dókítà Mọpélọ́lá, ẹni méjì ló ń ní ìjàm̀bá.”

“Irú àwọn wo ló ń dùbúlẹ̀ fún wọn?”

“Ẹ̀rọ kì í bèèrè ìyẹn.”

“Ó yẹ kó bèèrè. Nígbà tí à ń so ìlú yìí, ẹni tó mọ irin jó jù nínú wa là ń rán lọ síbi tó burú jù. Òun náà ló ń gbọgbẹ́ jù. Bó bá jẹ́ ọgbẹ́ là ń kà, òun là bá kọ́kọ́ lé lọ sílé, ìlú yìí ì bá sì ti já bọ́.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, “Ìyá mi kú sábẹ́ ọ̀bẹ ẹni tí gbogbo ìlú ń yìn, Bàbá. Ẹnu ni wọ́n fi yàn án, kò sẹ́ni tó wo iye tó ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ṣe ẹ̀rọ yìí nìyẹn.”

Bàbá rọra jókòó. Oyèládùn ló sọ̀rọ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló ń kú lọ báyìí, ó sì ti lé lọ́dún kan tí ẹ̀rọ yín ti ń fi mí ṣeré.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pátákó dígí kan sí i. “Òfin gbà kí ẹ kọ ẹni tí ẹ̀rọ yàn, kí ẹ sì yan ẹlòmíràn fúnra yín. Ẹ tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún síbí. Ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ jáde á wọ inú ìwé.”

Oyèládùn rò pé ìwé tòun ni. Kò bèèrè. Ó tẹ àtàǹpàkò. Ọwọ́ tutù, dígí kò mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá Ògúnrìndé gba ọwọ́ náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ méjèèjì rà á títí ó fi móoru, kí ẹ̀rọ tó gbà pé Oyèládùn ni Oyèládùn.

Obìnrin kúkúrú ni Dókítà Mọpélọ́lá, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Kò wo dígí kankan. Ó ní kí Oyèládùn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ó máa la àtẹ́lẹwọ́, kí ó máa pa á dé. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí apá ọ̀tún fi wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tẹ ọrùn rẹ̀ níbì kan, ìrora sì ta lọ dé ọmọdinrin.

“O ti ṣe eré ìdárayá ọrùn?”

“Oṣù mẹ́fà, mà. Kò dá nǹkan kan.”

“Ó dáa. Bi mí ní gbogbo ohun tí o fẹ́ bi mí.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe é?”

“Òjìlúgba ó lé kan. Ẹni kan kú. Àyándélé lorúkọ rẹ̀, ó ń sin ẹja. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun yẹn, ẹ̀dọ̀fóró sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó lè lu. Ọwọ́ rẹ sì lè má padà sípò tán. Bó bá jẹ́ ẹni tó máa sọ pé kò séwu lo ń wá, èmi kọ́.”

Láti ọdún kan ó lé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnìkan yóò dá Oyèládùn lóhùn ohun tó bèèrè gan-an. Omi lé sójú rẹ̀, ó sì bínú sí omi náà. Ó ní, “Ọjọ́ wo ni kí n wá, mà?”

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Nítorí pé àìsàn náà ti pẹ́ jù lára rẹ̀, iṣan ọrùn ti lẹ̀ mọ́ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Bí Dókítà Mọpélọ́lá ṣe ń rọra yà wọ́n, ẹ̀dọ̀fóró lu. Ó dí i, ó yọ eegun náà jáde, ó ti ọ̀pá rọ́bà bọ ìhà Oyèládùn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ jáde. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ọ̀pá náà fi wà níbẹ̀. Oyèládùn kò lè wúkọ́ kí omi má bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọwọ́ náà sì gbóná.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó padà lọ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bá Dókítà Mọpélọ́lá tó ń kó ìwé sínú àpótí. Orúkọ rẹ̀ kò sí lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́.

“Ẹ ń ṣí lọ ni, mà?”

“Gbé ọwọ́ sókè kí n rí i.” Ó tẹ ọrùn rẹ̀, ó wo ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mi orí. “Ó dáa. O lè padà sórí àkàbà lẹ́yìn oṣù méjì sí i.”

“Mà, mo bi yín ní nǹkan.”

Dókítà padà sídìí àpótí. “Wọ́n ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Ìjàm̀bá ni Aṣàyàn ka ẹ̀dọ̀fóró rẹ tó lu sí. Bí aláìsàn bá sì kọ ẹni tí ẹ̀rọ yàn, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń ka ìjàm̀bá sí ọrùn dókítà tó bá gbà á. Máàkì mi ti bọ́ sísàlẹ̀ ibi tí òfin fàyè gbà.”

Oyèládùn jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. “Ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Mo mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Bí mo bá sọ ọ́, ṣé o máa dùbúlẹ̀?”

Oyèládùn na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó wò ó. Ó ní, “Ta ló kù tó lè ṣe é?”

“Mo ti ń kọ́ Ṣówándé. Yóò mọ̀ ọ́n bó bá tó ọdún méjì, mẹ́ta, bí kò bá bẹ̀rù fún máàkì rẹ̀.” Dókítà pa àpótí dé. “Aláìsàn méje ṣì wà lórí ìwé mi tí wọ́n ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Mi ò tíì rójú sọ fún wọn.”

Nígbà tí Oyèládùn jáde, obìnrin kan wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Onídìrí ni, ìyarun ṣì há sí àpò aṣọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Orí ìka rẹ̀ méjì ti ń dúdú.

Ó ní, “Ẹ káàsán o. Ṣé ìyá dókítà wà nínú ilé? Wọ́n ní èmi ló kàn.”

Oyèládùn jókòó tì í. Ó gba ọwọ́ tutù náà, ó fi tirẹ̀ méjèèjì bò ó.

“Wọ́n wà nínú ilé,” ló wí. “Ẹ má tíì wọlé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́, èmi ló sì yẹ kí n sọ ọ́ fún yín.”