Ọjọ́ Tí Moṣọpẹ́ Sẹ́ Àbúrò Rẹ̀

"Sister mi, ẹ máa bọ̀ níbí! Àyè ṣì wà!"

Dávídì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ìjókòó iwájú nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Barking bọ̀, ní ìlú òyìnbó. Ọmọ ọdún méje ni. Òyìnbó pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n ẹ bá a sọ̀rọ̀, Yorùbá Ìjẹ̀bú ni yóò fi dá yín lóhùn. Sùtánà tó wọ lọ sí ìsìn Aládùúrà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí òfin ìjọ wọn ni pé ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Moṣọpẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti bọ́ tirẹ̀ sínú àpò kí wọ́n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bẹ Dávídì títí kí òun náà bọ́ ọ, ọmọ náà fàáké kọ́rí.

Fọlá, ìyá wọn, ló gba Dávídì tọ́ láti ọmọ oṣù mẹ́jọ, ilé-ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i pé ọmọ rẹ̀ ni títí láé. Ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ló dá a dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ó ní kí Moṣọpẹ́ mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé ní Thames View.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Tóbi wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Ọmọ kíláàsì Moṣọpẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ẹni tó bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ilé-ìwé ni yóò ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

"Fam, ọ̀rẹ́ mi," Tóbi sọ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, "ta ni bọ̀bọ́ òyìnbó tó wọ nightie yẹn? Ṣé ẹ jọ wà ni?"

Ìtìjú bo Moṣọpẹ́ pé ó pe sùtánà ní aṣọ àwọ̀sùn. "Ṣé ó jọ mí ni? Leave it, jàre."

Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan jókòó ti Dávídì. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà tí òtútù ti sọ di pupa, ó wo sùtánà, ó wá ń wo àwọn èèyàn dúdú inú bọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá olè.

"Ta ló mú ọmọ yìí wá?" ó bi wọ́n. "Kí lẹ fẹ́ fi ọmọ tiwa ṣe?"

"Sister mi nìyẹn," Dávídì ní, ó na ìka sí Moṣọpẹ́.

Obìnrin náà yíjú sí i. "Ṣé o mọ ọmọ yìí?"

Tóbi ń wo ẹnu rẹ̀. Moṣọpẹ́ rò ó lọ́kàn pé tí àwọn bá dé ibi tí àwọn ti ń bọ́ sílẹ̀, òun á rọra fà á lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Obìnrin náà pe ọlọ́pàá, awakọ̀ sì dá bọ́ọ̀sì dúró, ó ti ilẹ̀kùn pa. Nígbà tí ọlọ́pàá méjì wọlé, Moṣọpẹ́ bú sẹ́kún.

"Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ni! Irọ́ ni mo pa!"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, o ò mọ̀ ọ́n," ọlọ́pàá kan dá a lóhùn. "Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Dávídì sọ orúkọ ìyá rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé wọn. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ́ ọ lóhun tí yóò sọ. Wọ́n gbé e lọ pẹ̀lú igbe lẹ́nu.

Bí Moṣọpẹ́ ti pè é lórí fóònù, Fọlá sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá nínú sùtánà tirẹ̀, láìwọ bàtà. Ó fi fọ́tò hàn wọ́n, ó tún lọ sílé lọ mú ìwé ilé-ẹjọ́ wá. Wọ́n ní ọ́fíìsì tó máa yẹ ìwé náà wò ti tì di ọ̀la, àti pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà gan-an ló jẹ́ kí ọkàn àwọn má balẹ̀.

"Magdalene, aládùúgbò mi, òyìnbó ni, ọmọ dúdú ló gbà tọ́," Fọlá sọ fún wọn. "Ta ló bi í léèrè ìwé rí?"

Wọ́n kàn ní kó máa lọ sílé.

Nígbà tó dé ilé, Moṣọpẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ dárí jì mí. Àmọ́ ìyá òyìnbó yẹn ló fà á. Ká ní dúdú ni Dávídì, kò ní béèrè nǹkan kan."

"Òótọ́ ni," ìyá rẹ̀ ní. "Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn, Ọlọ́run á bi í. Ṣùgbọ́n bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Àwọ̀ ló wò tó fi rò pé ọmọ mi kì í ṣe ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́, kí lo wò?"

Moṣọpẹ́ dorí kodò, ìyá rẹ̀ sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni Ọlọ́run fi dá gbogbo wa. Òun ló fún mi ní ẹ̀yin méjèèjì. Pétérù sunkún lẹ́yìn tó sẹ́ Olúwa rẹ̀, wọ́n sì dárí jì í. Àmọ́ ẹkún yẹn ò ní kí wọ́n má kan Jésù mọ́gi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí ọ́fíìsì yẹn yẹ ìwé náà wò tán, ni wọ́n tó dá Dávídì padà. Kò sunkún, kò sì bínú. Ó kàn ń tọ̀ sórí ibùsùn ni, ohun tí kò ṣe láti ọmọ ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó lọ dá dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ìdọ̀tí.

"Dávídì, máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa," Fọlá pè é.

"Rárá, Mọ́mì. Tí mo bá dúró síbí, wọn ò ní mú yín."

Fọlá fi ọwọ́ bojú. Moṣọpẹ́ rìn lọ bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bọ́ọ̀sì dé, Tóbi sì wà lójú fèrèsé.

"Àbúrò mi nìyí!" Moṣọpẹ́ kígbe kí gbogbo ayé lè gbọ́.

Tóbi ò tilẹ̀ gbójú sókè, fóònù rẹ̀ ló ń tẹ̀. Dávídì wo àwọn èèyàn inú bọ́ọ̀sì, ẹ̀rù bà á, ó sì rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Moṣọpẹ́ ti mọ̀ pé àwọn tó ń fi àwọ̀ ya èèyàn sọ́tọ̀ pọ̀ láyé, òun kọ́ ló dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹni tó bá sẹ́ ará ilé rẹ̀ nítorí ẹ̀rín ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ á gbàgbé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó sẹ́ ni kò ní gbàgbé.